Mo Máa Ń Kan Ilẹ̀ Kí N Tó Wọ Balùwẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Iṣẹ́ balùwẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe ní Ìkòròdú, ní Agbówà àti ní Ẹ̀pẹ́. Balùwẹ̀ àtijọ́ tí ara rẹ̀ ti dúdú, tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti ṣí, tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ ń jò tọ̀sán-tòru, èmi ni wọ́n máa ń pè pé kí n wá fi owó tí kò tó nǹkan sọ ọ́ di tuntun. Àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ fàájì ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ. Ojoojúmọ́ tí mo fi ṣe é ni mo fi bẹ̀rù, mo sì ṣì ń bẹ̀rù báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ejò ni mò ń bẹ̀rù, kì í ṣe iná mànàmáná. Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yẹn.

Ǹ bá má sọ ọ̀rọ̀ yìí síta, àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí nílé ọkọ Bùkọ́lá, ọmọ mi. Ó pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun tún balùwẹ̀ ilé ọkọ òun ṣe, pé òun ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Màá dé orí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ojo lásán ni mí. Ojo ni mí o, àmọ́ kì í ṣe lásán.

Ọmọ Ìkìrun ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó háyà yàrá kan ní Ìkòròdú ló mú mi wá, òun náà ló mú mi lọ bá Ọ̀gá Múdà pé kó kọ́ mi níṣẹ́. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí mò ń gbà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ròyìn. Mo ṣiṣẹ́, mo jẹun, mo tọ́mọ, ó tán. Ọ̀gá Múdà ni kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ọmọ ilé apẹja, èèyàn kúkúrú tó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kì í rẹ́rìn-ín títí tí yóò fi kí ìrun Àsárì tán, nígbà tó bá sì rẹ́rìn-ín náà, ẹ̀rù á túbọ̀ bà wá.

Òfin rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ga ju gbogbo wọn lọ. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ balùwẹ̀ tí a ò tíì kan ilẹ̀ rẹ̀. Wàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá bẹ̀rẹ̀, wàá fi ìdí ṣíbí ìrẹ́lé kan ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ, wàá dẹtí sí i. Bó bá dún gbì, gbé ẹsẹ̀ kan sí i. Bó bá dún kóo bí igbá òfìfo, padà sẹ́yìn, má wulẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìdí rẹ̀. Láyé ọjọ́sí, ṣáláńgá ni ilé kọ̀ọ̀kan ní, ihò jíjìn tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì olómi dé, gbogbo èèyàn fẹ́ kí ihò yẹn kúrò lójú. Ẹni tó ní sùúrù á kó iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta kún un. Ẹni tó ń kánjú á to igi àgbọn lé ẹnu rẹ̀, á tẹ́ páànù àlòkù sórí igi, á da sìmẹ́ńtì lé páànù, á ní ó parí. Bí ilé bá sì ń gbòòrò sí i, wọ́n á kọ́ balùwẹ̀ sórí rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni omi ti ń ṣàn jáde tẹ́lẹ̀. Igi á máa jẹrà nísàlẹ̀, àwa á máa wẹ̀ lókè. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀gá Múdà fi máa ń bi gbogbo onílé ní ìbéèrè kan náà: "Ṣé ẹ dí i ni, àbí ẹ kàn bò ó?"

Ó máa ń fi aṣọ dì mí lójú, á mú mi káàkiri ilé tí a ti ń ṣiṣẹ́, á ní kí n máa kan ilẹ̀ kí n sì sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí mo bá ṣì í, á fi ìdí ṣíbí kàn mí lórí. "Ṣé o gbọ́ bó ṣe dún?" á wí. "Orí tìrẹ náà ṣófo." Mo sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà kan, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo ní mi ò kọ́ṣẹ́ mọ́.

"Ṣé ó lù ẹ́ ni?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ó ń fi ṣíbí kan orí mi."

"Ó wá dún?"

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dá mi padà.

Ó kù díẹ̀ kí n ṣe fírídọ̀ọ̀mù mi nígbà tí a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá Ọ̀gá ti darúgbó, eékún ń dùn wọ́n, balùwẹ̀ ilé náà sì ti ń yọ̀ fún wọn. Ọ̀gá ní a ó tẹ́ táìlì tí kì í yọ̀ síbẹ̀, a ó mọ ìjókòó kékeré sí igun kan kí màmá lè máa jókòó wẹ̀. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ń kí gbogbo èèyàn láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí ọ̀sà, ó ń sọ fún wọn pé ìyá òun fẹ́ di ọlọ́lá. Balùwẹ̀ náà wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá tó bí Ọ̀gá, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sin wọ́n sí, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ gan-an.

Mo bẹ̀rẹ̀ bó ṣe kọ́ mi, mo na ìdí ṣíbí sílẹ̀. Ọ̀gá gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ kan ilẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Bàbá mi ló sùn síbí yìí, Rótìmí. Ṣé o fẹ́ máa gbá wọn lórí nínú ilé wọn ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo ní bóyá wọ́n dí i ni, àbí wọ́n kàn bò ó."

"Inú balùwẹ̀ yìí ni mo ti ń wẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ," ó wí. "Ilé bàbá ẹni, a kì í kan ilẹ̀ ibẹ̀."

Ọmọṣẹ́ wo ló ń bá ọ̀gá jiyàn? Ó gbé àpò sìmẹ́ńtì lé èjìká, ó ní Bísímílà, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé.

Mo gbọ́ pẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi ìdáná. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ gbùràà. Eruku sọ, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, mi ò rí ọ̀gá mi. Ihò ni mo rí, ihò dúdú tí òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú.

Yéè! Mo kígbe, mo dojú bolẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mò ń pè é. Ìtọ̀ ti bọ́ lára mi. Ó dáhùn láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn rẹ̀ ti jìnnà. "Rótìmí, má wọlé," ó wí. "Má wọlé o!" Àwọn apẹja gbọ́ igbe mi, wọ́n gbé okùn ọkọ̀ ojú omi sáré dé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń so ó mọ́ ìbàdí pé òun máa wọ ibẹ̀, àwọn àgbà dì í mú, wọ́n ní afẹ́fẹ́ inú ihò yẹn á pa òun náà. Wọ́n ju okùn sí i, wọ́n ní kó dì í mú. A ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n so ìkọ́ irin mọ́ okùn, òkú ni wọ́n fà jáde, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ohun kan náà ni wọ́n ń tún sọ ṣáá: "Wọ́n ní àwọn dí i. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn dí i."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù di ará ilé mi. Fún ìgbà pípẹ́, mi ò lè wẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń wẹ̀, ìyàwó mi á na aṣọ sókè kí àwọn ará àdúgbò má baà wo ìhòòhò mi, á máa ráhùn pé òun fẹ́ ọkùnrin, òun ò fẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí n lọ máa gun ọ̀kadà ní Gáréèjì Ìkòròdú. Àmọ́ ọwọ́ mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Mo padà sídìí iṣẹ́ náà tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá kò kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Ìtìjú bàbá rẹ̀ ló mú un, kò fẹ́ rí wọn fín nínú ilé wọn. Mo wá ń rò ó pé, bí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà, ṣebí àgò ló ń ké? Ṣé onílé máa ń bínú sí ẹni tó kágò? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Ilé yòówù kó jẹ́, yálà òkú wà níbẹ̀ tàbí kò sí, màá bọ́ bàtà, màá ṣí fìlà, màá ní, "Àgò onílé o," kí n tó kan ilẹ̀. Àwọn oníbàárà mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bàbá Àgò ni wọ́n ń pè mí, wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ilẹ̀ ni.

Ẹ̀rù yìí sì ti dójú tì mí rí. Ní Ẹ̀jìnrìn, mo kan ilẹ̀ balùwẹ̀ ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, ó dún lọ́nà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo ní mi ò ṣe. Ìyá náà pè mí ní ọ̀lẹ, ó ní ojora ló ń ṣe mí. Ó pe ẹlòmíràn, onítọ̀hún ṣe é, ilẹ̀ náà ò sì wọlẹ̀ títí dòní. Ìgbàkígbà tí mo bá kọjá lọ́jà Ẹ̀jìnrìn, á nawọ́ sí mi láti ìsọ̀ rẹ̀: "Bàbá Àgò, ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o!" Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, irin ni a fi ń fa ìlà sára táìlì, a ó wá fi ẹ̀mú ká a létí díẹ̀díẹ̀ títí á fi ṣe déédéé. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìgétáìlì dé. Ó yára, àmọ́ ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ilẹ̀, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Báyìí, fóònù ni ọ̀gá gbogbo wọn, kálukú ń fi í tún balùwẹ̀ ara rẹ̀ ṣe. Mi ò bínú sí i. Àwọn nǹkan wà tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe lówó pọ́ọ́kú. Ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìlà tó wà láàárín táìlì, kí ẹ fi sìmẹ́ńtì funfun tún un dí. Ẹ kun ilẹ̀kùn. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀rọ omi tó ń jò, ẹ gbé dígí kan kọ́. Ilé á mọ́, ara á tù yín. Ṣùgbọ́n tó bá kan ilẹ̀, ẹ dákun, ẹ pe ẹni tó ń bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí Bùkọ́lá. Láàárọ̀ ọjọ́ tó pè mí, ohun tí mo sọ fún yín yìí gan-an ló ń kà sí mi létí, sìmẹ́ńtì funfun, ọ̀dà, ẹ̀rọ omi. Inú mi ti ń dùn díẹ̀díẹ̀. Ló bá ní, "Màá wá tẹ́ táìlì tuntun sórí ilẹ̀ àtijọ́ yẹn. Mi ò ní fọ́ nǹkan kan, Bàbá. Mo ti kó àwọn páálí táìlì sínú balùwẹ̀."

"Ṣé o ti kan ilẹ̀?"

"Màmá ò gbà. Wọ́n ní Bàbá Káyọ̀dé wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀ ilé náà."

Káyọ̀dé lọkọ rẹ̀, ó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Bàbá rẹ̀ ti kú, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí, ìyá rẹ̀ ló wà nílé pẹ̀lú Bùkọ́lá. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ gan-an ni mo tún gbọ́ yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, òkú kan náà.

"Bùkọ́lá, má wọ ibẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rù mi ló dàgbà sí, ó ti sú u. "Bàbá Àgò! Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹun," ó wí, ó sì pa fóònù. Mo pè é títí, kò gbé e. Mo mọ̀ pé sìmẹ́ńtì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Agbówà ni mò ń gbé báyìí, níbi tí mo ti ń dáko díẹ̀. Mo mú ṣíbí mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkòròdú. Ní Gáréèjì, àwọn agbèrò ń fà mí láṣọ, "Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?" Mo wọ kẹ̀kẹ́. Ẹni tó wà á ní, "Bàbá, ṣé kò sí?" Gbogbo ihò tí táyà kẹ̀kẹ́ bá kó sí, mo rò pé ilẹ̀ ló ti wọlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi.

Nígbà tí mo dé, Ìyá Káyọ̀dé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti po omi gbígbóná sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kànìnkànìn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń dúró de Bùkọ́lá kó parí kí wọ́n lè wọlé wẹ̀.

"Háà, àna mi, ẹ káàbọ̀! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ yín."

Mo wò ó. Bùkọ́lá wà lọ́hùn-ún nínú balùwẹ̀, lẹ́bàá ògiri ìkẹyìn, ó ń fi sìmẹ́ńtì funfun dí ìlà táìlì. Àwọn páálí táìlì wà láàárín gbùngbùn ilẹ̀, ó tò wọ́n léra.

"Bùkọ́lá, dúró bẹ́ẹ̀. Má gbé ẹsẹ̀."

"Bàbá, kí ló dé?"

"Mo ní má gbé ẹsẹ̀!"

Bí mo ṣe yọ ṣíbí, Ìyá Káyọ̀dé dìde. "Àna mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Àmọ́ ẹ ò lè wá gbá ọkọ mi lórí níṣojú mi."

Mo kúnlẹ̀. Èmi bàbá ìyàwó, mo kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ. Mo ní, "Àna mi, mi ò fẹ́ gbá wọn. Mo fẹ́ kanlẹ̀kùn ni. Ẹ jẹ́ kí bàbá fúnra wọn gbọ́ ẹnu mi." Wọ́n tún jókòó. Mo bọ́ bàtà, mo ṣí fìlà, mo kọjú sí ojú oórì àna mi tó ti lọ. "Bàbá Káyọ̀dé, èmi Rótìmí ni, bàbá Bùkọ́lá. Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ yín. Àgò onílé o."

Mo kan ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó dún gbì. Mo na ọwọ́ síwájú díẹ̀. Gbì.

"Ẹ gbọ́?" Ìyá Káyọ̀dé wí.

Mo dojú bolẹ̀, mo na ọwọ́ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páálí. Mo kan ilẹ̀ ibẹ̀.

Kóo.

Mo gbọ́ tí Bùkọ́lá mí kanlẹ̀. Òun náà gbọ́ ọ. Mo ní kó má sunkún, kó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Mo ní kí wọ́n fún mi ní igi gígùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀, mo fi ń kan ilẹ̀ etí ògiri láti ọ̀dọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Gbì. Gbì. Gbì. "Ibi tí igi bá kàn ni kí o gbé ẹsẹ̀ sí. Má yà sí àárín." Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò kúrò lára ògiri. Nígbà tó sún mọ́ mi tó, mo gbá a mú, mo fà á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa méjèèjì ṣubú lé ojú oórì bàbá Káyọ̀dé.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ wà níbẹ̀, páálí wà lórí ilẹ̀. Mo rántí ìyá ẹlẹ́ja Ẹ̀jìnrìn, ojú tì mí.

Ìyá Káyọ̀dé gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. "Àna mi, ẹ kàn dẹ́rù bà wá lásán ni. Ó dún, ó dún náà ni. Láti ìgbà tí balùwẹ̀ yìí ti wà ni mo ti ń wẹ̀ níbẹ̀."

Mo dìde, mo fi ara dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ má wọ ibẹ̀, mo bẹ̀ yín."

"Ẹ yà fún mi, omi mi ń tutù."

"Mi ò ní yà, àna mi. Ẹ lè bú mi."

Ibi tí a ti ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Pẹ́ẹ́. Mo mọ ohùn yẹn, mo ti ń gbọ́ ọ lójú oorun láti ìgbà èwe mi. Lẹ́yìn náà, gbùràà! Páálí táìlì, sìmẹ́ńtì, ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ wọlẹ̀ lọ. A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ nísàlẹ̀, ó pẹ́ kí wọ́n tó balẹ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Káyọ̀dé, omi gbígbóná ṣàn sí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ṣáláńgá ni," wọ́n wí. "Ṣáláńgá ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo wọlé bí ìyàwó. Wọ́n ní àwọn dí i."

Ọ̀gá mi ni mò ń rò, tó ń pè mí láti ìsàlẹ̀ pé kí n má wọlé. Bùkọ́lá di apá mi mú bó ṣe máa ń dì í mú nígbà tó wà ní kékeré, mo sunkún níwájú àna mi, mi ò tijú.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ìyá Káyọ̀dé nu ojú wọn. Wọ́n wo ojú oórì ọkọ wọn, wọ́n wo ṣíbí tó wà lọ́wọ́ mi.

"Àna mi," wọ́n wí wẹ́rẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kan yàrá tí mò ń sùn náà."

Mo tún ṣí fìlà mi. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yàrá, kí n tó la ẹnu, Bùkọ́lá ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó fi etí sí ilẹ̀. "Àgò onílé o," ó wí.